Mi ò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ínsítọ́ọ̀lù nǹkan mọ́ láyé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá yìí ló gbé mi mì. Wọ́n tún gbé kọ́ọ̀sì Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, ti àwọn 200 level fún mi, ọgọ́fà ọmọ, wákàtí méjì lọ́sẹ̀, nínú láàbù kan tí wọ́n kọ ogójì kọ̀ǹpútà sínú ìwé ẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé mẹ́rìndínlógún ló ń tàn. Ìyẹn tí iná bá wà o. Tí iná ò bá sí, òdo ni.

Àwọn kan nínú yín tẹ́ ẹ jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi ti ń bi mí lórí WhatsApp pé báwo ni mo ṣe ṣe é tí gbogbo ọmọ fi ń lo Jupyter láìra dátà, mo ti fi voice note tó gùn bí ojú irin ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí ò bá mọ ohun tí mò ń sọ: Jupyter yìí, tí a tún ń pè ní notebook, jẹ́ ojú ìwé kan tó ń ṣí nínú browser, ó pín sí àpótí àpótí. Cell lorúkọ tí àwọn tó ṣe é fún un, àpótí lèmi ń pè é fún àwọn ọmọ mi, ó sì ti mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. O lè kọ àlàyé sínú àpótí kan, kó o kọ kóòdù sínú èyí tó tẹ̀ lé e, kó o tẹ Shift pẹ̀lú Enter, èsì ẹ̀ á já sábẹ́ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe nọ́ńbà, ì báà ṣe gíráàfù. Lẹ́yìn ojú ìwé yẹn, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní kernel, òun gan-an ló ń ka kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ojú ìwé tẹ́ ẹ̀ ń wò kàn ń ránṣẹ́ sí i ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló máa dá wàhálà sílẹ̀ tó bá yá.

Fernando Pérez, ọmọ Kòlóńbíà, ló bẹ̀rẹ̀ IPython, bàbá Jupyter, ní 2001 nígbà tó wà ní University of Colorado ní Boulder, lásìkò tó yẹ kó jókòó parí PhD ẹ̀. Ó yé mi dáadáa, ilé tèmi náà kì í mọ́ tónítóní àfi tí mo bá ní àádóje ìwé láti máàkì. Èyí tó ń ṣí nínú browser jáde ní 2011, nígbà tó di 2014 wọ́n yà á kúrò lára Python nìkan, wọ́n sọ ọ́ ní Jupyter, láti ara Julia, Python àti R, èdè kóòdù mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tó wà láyìíká ẹ̀ ló ń náni lówó.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ kọ́ kọ́ọ̀sì yìí, ohun tí gbogbo ayé ń ṣe lèmi náà ṣe. Mo ní ẹ lọ sílé, ẹ ínsítọ́ọ̀lù Anaconda, ìyẹn Python àti àwọn irinṣẹ́ ẹ̀ lódidi, ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Háà! Fáìlì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1GB kó tó tú ara ẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá wo ọmọ tó ń ra dátà ọlọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kejì dé, àwọn tó rí i ṣe ò ju ọgbọ̀n lọ. Àwọn kan ò ní láptọ́ọ̀pù rárá, fóònù ni wọ́n ní. Àwọn kan ní láptọ́ọ̀pù tí bùrọ̀dá wọn lò ní yunifásítì kó tó fún wọn, Windows 7, hard disk ti kún fún fíìmù. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọbìnrin kan tó ní láptọ́ọ̀pù tuntun, tí gbogbo nǹkan ẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí Anaconda kọ̀ jálẹ̀ láti wọlé. A yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tó ra láptọ́ọ̀pù yẹn ó kọ orúkọ ara ẹ̀ sórí Windows bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, Windows sì fi orúkọ yẹn ṣí fódà fún un, bẹ́ẹ̀ Anaconda ò fẹ́ kí fódà tóun máa wọ̀ ní lẹ́tà tó ní àmì tàbí àlàfo. Ọmọ kan ṣoṣo nínú ọgọ́fà tó kọ Yorùbá dáadáa, òun ni wọ́n wá fìyà jẹ. Mo bínú ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi tún kọ̀ǹpútà ṣe dípò kí n kọ́ ẹnikẹ́ni ní for loop. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu nǹkan tí mo fi ṣe àkọlé òkè yẹn. Ọmọ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú pẹ̀lú kóòdù ni, kò wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá installer jà, tí ìjà yẹn bá sì ti jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tí ò ní ẹ̀rọ tó dáa á ti gbà pé òun lòun ò gbọ́n.

Ọdún kejì, mo ní ká lo Google Colab, notebook tó wà lórí ẹ̀rọ Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní bú Colab o, èmi fúnra mi ń lò ó, kò sí ohun tó o máa ínsítọ́ọ̀lù, Gmail nìkan ni. Ṣùgbọ́n dátà ni gbogbo ẹ̀, láti ìgbà tó o bá ṣí i títí tó o fi máa pa á, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú láàbù wa, tí ọgọ́rùn-ún fóònù bá so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló máa ń dákú. Tó o bá sì fi Colab sílẹ̀ díẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, á já ẹ, ẹ̀rọ tí wọ́n yá ẹ yẹn lọ nìyẹn, fáìlì CSV tó o gbé sórí ẹ̀ náà bá a lọ. Ọmọ kan wá sọ fún mi ní jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má bínú sà, owó oúnjẹ ni mo fi ń ra dátà kíláàsì yín." Mi ò lè fèsì. Mo kàn ní kó máa lọ.

Nígbà náà ni mo wá ń ka bí àwọn yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe kọ́ọ̀sì Data 8 wọn, tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Kò sẹ́ni tó ń ínsítọ́ọ̀lù nǹkan kan. JupyterHub ni wọ́n ń lò, ìyẹn ni pé gbogbo Python wà lórí server, ẹ̀rọ kan tó ń bá gbogbo wọn ṣiṣẹ́, ọmọ kàn ń ṣí browser, ó kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, ó bá notebook ẹ̀ níbẹ̀. Cloud ńlá ni tiwọn wà o, wọ́n lówó, àwa ò ní. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é ti ṣe kékeré kan tí wọ́n pè ní The Littlest JupyterHub, fún kíláàsì tí èèyàn ẹ̀ ò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ, orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń gbé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo! Ta ló wá sọ pé dandan ni kí ẹ̀rọ yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Kò lè wà lábẹ́ tábìlì nínú láàbù, ká fi ráútà pín in?

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Desktop àlòkù kan wà ní ẹ̀ka wa, mo fi owó ara mi ra RAM, ìyẹn ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, kún un títí ó fi pé 16GB, mo gbé Ubuntu sórí ẹ̀ dípò Windows, mo so ó mọ́ ráútà, mo fún un ní àdírẹ́sì tí ò ní yí padà, 192.168.0.10. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń gbé The Littlest JupyterHub wọlé ò ju ìlà kan lọ, àṣẹ curl kan báyìí tó ń lọ gbé bootstrap.py wá tó sì ń bá iṣẹ́ lọ fúnra ẹ̀. Ìlà kan náà ni o, ṣùgbọ́n mo ṣe é pẹ̀lú hotspot fóònù mi ní aago méje alẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló já láàárín, àtòun àti àwọn irinṣẹ́ Python tí mo gbé lé e, numpy pandas matplotlib, ó jẹ dátà bíi 2GB. Bàbá tó ń tọ́jú láàbù dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Dókítà, ẹ jẹ́ ká máa relé, ìyá àwọn ọmọ ti ń pè." Mi ò tíì gba PhD kankan o, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti yéé bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Mo ní bàbá ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀. Wọ́n jókòó. Nígbà tí ojú ìwé tí wọ́n ti ń kọ orúkọ wọlé wá jáde lórí fóònù mi, láìsí dátà kankan lórí fóònù yẹn, mo gbé e fún wọn wò. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ṣé tìtorí eléyìí la ò fi tíì jẹun alẹ́?"

Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó ra dátà tìtorí kíláàsì mi. Ọmọ á so fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù mọ́ waifai láàbù, á tẹ nọ́ńbà yẹn sínú browser, ó parí. Fóònù tó lọ́jọ́ lórí gan-an ń ṣe é, torí kì í ṣe fóònù ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé wíwá àkámọ́ oníhà àti colon lórí keyboard fóònù, ìyà ni.

Èmi ò ní parọ́ pé gbogbo ẹ̀ lọ geere.

Wàhálà àkọ́kọ́, orúkọ. Màtíríìkì nọ́ńbà tiwa ní slash nínú, bíi CSC/21/045, JupyterHub ò sì gba slash nínú orúkọ. Mo jókòó yọ slash kúrò nínú ọgọ́fà nọ́ńbà, mo sọ wọ́n di csc21045, mo kó gbogbo ẹ̀ wọlé. Ọ̀nà tí The Littlest JupyterHub sì ń gbà ṣe páswọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wá, ni pé alábòójútó á fi orúkọ sílẹ̀, ọjọ́ tí olórúkọ bá kọ́kọ́ wọlé, ohunkóhun tó bá tẹ̀ síbi páswọ́ọ̀dù ló di páswọ́ọ̀dù ẹ̀ nìyẹn. Ó dùn, àbí? Kò sí pé à ń pín páswọ́ọ̀dù kiri. Ẹ wá ronú ohun tí àwọn ọmọ 200 level máa fi ìyẹn ṣe. Màtíríìkì nọ́ńbà kì í ṣe àṣírí, gbogbo wọn mọ ti ara wọn. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kìíní, ọmọ mẹ́sàn-án ló wá bá mi pé ẹnì kan ti wọ tàwọn. Ẹnì kan wọ ti governor kíláàsì, ó ṣí notebook kan síbẹ̀, ó sọ ọ́ ní "governor ẹ dá owó handout padà". Mo rẹ́rìn-ín o, mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i. Ọ̀nà àbáyọ: mo jẹ́ kí wọ́n máa wọlé ní mẹ́wàá mẹ́wàá níwájú mi, ẹni tó bá ti wọlé á jókòó, àwọn mẹ́wàá mìíràn á bọ́ síwájú.

Ìkejì, RAM. Ẹ tẹ́tí síbí dáadáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀. Ẹ̀rọ kan ni gbogbo yín jọ ń lò, ẹni tó bá jẹun jù, ebi á pa àwọn yòókù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan ń dán while loop wò, ó ní while True, ó wá ń fi nọ́ńbà kún list kan nínú ẹ̀, kò fi ibi tó máa dúró sí i. Mo ń rìn kiri nínú láàbù, mo ṣàdédé gbọ́ "ah", "ah ah", "tèmi ò lọ mọ́ o", láti iwájú dé ẹ̀yìn, àmì ìràwọ̀ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kàn dúró sí iwájú gbogbo ènìyàn, kò fẹ́ di nọ́ńbà. List ọmọ yẹn ti gbé 16GB mì tán. Mo lọ fa wáyà server yọ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Ẹ̀bi mi ni. Ìlànà wọn ti wí i tẹ́lẹ̀: ẹ mú iye àwọn tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ìwọ̀n RAM tí ẹ fẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe é ní ìlọ́po, ẹ fi 128MB lé e. Mo pín kíláàsì sí mẹ́ta, ogójì ogójì, ogójì lọ́nà 350MB jẹ́ 14,000MB, ó wọ inú 16GB, ó ṣẹ́ kù fún ẹ̀rọ náà láti mí. Mo wá tẹ sudo tljh-config set limits.memory 350M, mo tẹ sudo tljh-config reload, ó tán. Lẹ́yìn náà ẹni tó bá kọ while True tó ń jẹ RAM láìdúró, kernel tiẹ̀ nìkan ló máa kú, àwọn yòókù ò ní mọ̀ rárá. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo ẹ̀, ká ní mo ti ṣe é lọ́jọ́ kìíní, wáyà ò bá máà yọ.

Èyí tó tún ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé tí èèyàn bá fi notebook ẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣe nǹkan kan, The Littlest JupyterHub á pa server tiẹ̀ kí RAM lè ráyè. Fáìlì ẹ̀ ò lọ o, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan tí kernel ti mọ̀ ló ti gbàgbé. Ẹni tó jáde lọ gba fóònù á padà dé, á rí i pé Python ò mọ òun mọ́. Mo sún un sí ìṣẹ́jú ogójì.

Ti iná ńkọ́? Íńfátà kékeré kan wà tí mo tọrọ, server àti ráútà nìkan ló wà lórí ẹ̀, kò gbé kọ̀ǹpútà kankan mìíràn. Ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ lọ láàárín kíláàsì, kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún pa lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé pariwo "NEPA!" bí a ti ń pariwo ẹ̀ láti kékeré. Mo ní ẹ fara balẹ̀, ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ pa kó mú fóònù ẹ̀ jáde kó wọlé padà. Ọmọ kan wọlé, ó ṣí notebook ẹ̀, ó tẹ print lórí nǹkan tó ti ṣírò kí iná tó lọ, èsì jáde. Ó yí sí ẹnì kejì ẹ̀, ó ní, "Ó ṣì rántí o!" Lóòótọ́ ló rántí, torí kọ̀ǹpútà tó pa yẹn ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, fèrèsé lásán ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wà lórí íńfátà.

Ó wá ku ti "ó ṣì rántí" yẹn náà, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣeni lóore.

nbgrader ni mo ń lò fún àsáímẹ́ǹtì. Ẹ máa kọ notebook tiyín pẹ̀lú ìdáhùn nínú, ẹ fi ### BEGIN SOLUTION àti ### END SOLUTION há ìdáhùn náà mọ́ àárín, tó bá fẹ́ ṣe ti àwọn ọmọ, á yọ ọ́ dànù, á fi raise NotImplementedError sí àyè ẹ̀. Ọmọ á fa tiẹ̀, á ṣe é, á fi ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀ nípasẹ̀ fódà kan lórí server tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ láṣẹ láti kọ nǹkan sí, tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti fún wọn láṣẹ yẹn, á máa gbé àkọlé pupa jáde bíi ti ilé iná. Lẹ́yìn náà nbgrader á gbé notebook ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí kernel tuntun, á sáré gbogbo àpótí ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fún un ní máàkì. Ọgọ́fà ìwé láàárín ìgbà tí mo fi jẹ iyán. Mo ti fẹ́ràn nbgrader kí n tó rí èsì.

Ọmọ mẹ́tàlélógún gba òdo. Àwọn kan, ìlà raise NotImplementedError yẹn ni wọn ò pa rẹ́, wọ́n kọ kóòdù tó dáa sábẹ́ ẹ̀, Python dé ìlà yẹn ó dúró, kò dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Ẹlòmíì yí orúkọ fáìlì padà sí "assignment1 FINAL final". Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kóòdù wọn pé tí òdo ṣì jáde. Ọmọbìnrin kan, ọmọ tó gbọ́n dáadáa, wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán sà. Òdo lẹ fún mi, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi sà." Mo ní ó dáa, dìde, ṣí i kí n rí i. Ó ṣí i. Ó tẹ Shift Enter lórí àpótí tó gbẹ̀yìn, 4500 jáde, gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Ó wò mí, kò sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ ní "ẹ ti rí i báyìí." Mo ní kó lọ sókè, kó mú Restart Kernel and Run All Cells. Ó tẹ̀ ẹ́. Pupa bolẹ̀. NameError: name 'iye' is not defined.

Ó ní, "Háà, mo kọ iye = 3 o, mo kọ ọ́!" Mo ní kó fi hàn mí. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, kò sí. Ó ti pa àpótí yẹn rẹ́ nígbà tó ń tún iwé ẹ̀ ṣe kó lè rẹwà. Kernel ò sì mọ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́. Mo wá fi búkà ṣàlàyé fún un: o kọ ohun tó o fẹ́ jẹ sí bébà, o kà á fún ìyá olóúnjẹ, ìrẹsì, dòdò, ẹran méjì. Ó gbọ́, ó wọ inú kíṣìnnì. Ìwọ wá fa ẹran méjì rẹ́ lórí bébà ẹ. Ìyá olóúnjẹ ò rí bébà ẹ mọ́, ohun tó o ti sọ ló wà nínú orí ẹ̀, ẹran méjì ló máa bù. Ọjọ́ kejì o gbé bébà náà fún olóúnjẹ mìíràn, kò ní bu ẹran kankan fún ẹ. nbgrader ni olóúnjẹ mìíràn yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo tún fi nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àpótí hàn án, tó máa ń sọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ àti èyí tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn: èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi lọ báyìí, 14, 3, 22, 9. Notebook tí nọ́ńbà ẹ̀ ò bá tò láti 1, ẹ má gbà á gbọ́.

Joel Grus, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kóòdù, ti dìde sọ ọ̀rọ̀ yìí ní JupyterCon, ìpàdé àwọn oní-Jupyter, ní 2018, ní àárín àwọn tó fẹ́ràn notebook jù láyé, ó ní òun ò fẹ́ràn ẹ̀, ọ̀rọ̀ àpótí tí wọ́n ń tẹ̀ síwájú tẹ̀ sẹ́yìn láìtò yìí sì wà lára ohun tó rí sọ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mi ò tìtorí ẹ̀ pa notebook tì, mo kàn sọ Restart and Run All di òfin kíláàsì, ẹni tí ò bá ṣe é kó tó fi ránṣẹ́ kó má wá bá mi. Àwọn ọmọ ti ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ni "grace" tá à ń ṣe kó tó jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti aago, torí mi ò rò pé ẹ máa rí i kà níbòmíì. Àlòkù ni ẹ̀rọ yẹn, bátìrì kékeré ribiti inú ẹ̀ tó ń ṣọ́ aago, CR2032, ti kú. Tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á lọ béèrè àkókò lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ ò ní mọ̀. Tèmi ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kan íńfátà kú lóru, server pa, wọ́n tàn án padà láàárọ̀, aago ẹ̀ ti padà sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nbgrader sì ń fi ọjọ́ yẹn lu òǹtẹ̀ lórí gbogbo àsáímẹ́ǹtì tó wọlé. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó ti ṣe é tán nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ kan rí i, ó sì gbà mí níyànjú tìfẹ́tìfẹ́ pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ ra bátìrì.

Ohun tí mo gbádùn jù kì í ṣe èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Nítorí pé àpótí àlàyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn àlàyé kan ní Yorùbá. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o, àwọn ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá wà níbẹ̀, ti gẹ̀ẹ́sì wà lókè, ti Yorùbá wà nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ kan ti bi mí pé ṣé Python gbọ́ Yorùbá. Mo ní ẹ jẹ́ ká bi í. A tẹ ọkọ̀ = 3, a tẹ ọkọ́ = 2, a tẹ ọkọ = 1, a ní kó print mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 3 2 1. Ilé pariwo. Python 3 gba àmì ohùn nínú orúkọ, ó sì mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́, ó sàn ju àwọn kan tó ń kọ bílíbọ́ọ̀dù lójú títì lọ.

Mo wá ní kí gbogbo wọn tẹ len("ọ̀rọ̀"), ìyẹn ni pé kí Python ka iye lẹ́tà inú ẹ̀, kí wọ́n sọ iye tó jáde fún mi. Ojú ń rí lẹ́tà mẹ́ta. Tèmi ní 5. Ọmọ kan lẹ́yìn ní, "Sà, 7 ni tèmi o." Ẹlòmíì ní 5. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ẹni yìí ní ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ ní àṣìtẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣì í tẹ̀. Keyboard kan máa ń fi ọ ṣe lẹ́tà kan tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára látilẹ̀, á wá gbé àmì ohùn lé e, méjì nìyẹn. Keyboard mìíràn á kọ o, á fi àmì ìsàlẹ̀ ṣe ọ̀tọ̀, á fi àmì ohùn ṣe ọ̀tọ̀, mẹ́ta nìyẹn. Èjì ọ̀nà méjì pẹ̀lú r jẹ́ 5, ẹ̀ta ọ̀nà méjì pẹ̀lú r jẹ́ 7. Lójú èèyàn ọ̀rọ̀ kan náà ni, tó o bá ní kí Python fi wọ́n wéra, á ní False. Tó bá jẹ́ orúkọ variable ni, Python fúnra ẹ̀ á sọ wọ́n di ọ̀kan, ṣùgbọ́n tó bá ti wà nínú àmì àyọlò, kò ní fọwọ́ kàn án, ìwọ lo máa fi unicodedata.normalize tò ó. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń wá orúkọ èèyàn nínú lísìtì tẹ́ ẹ ò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ẹ ń wò ó. Wákàtí kan odidi ni mo fi dúró lórí ìyẹn, kò sí nínú syllabus, ẹnikẹ́ni ò wo aago.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan ní ẹ̀ka Statistics wá wò ó, ó fẹ́ kí n fi R sí i fún àwọn ọmọ tiẹ̀, kò le, kernel mìíràn la máa fi kún un. RAM ni mo ń rò. Bàbá láàbù ti mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án, wọ́n mọ iná tó yẹ kó máa ṣẹ́jú lára ráútà, wọ́n sì ti kọ 192.168.0.10 gàdàgbà sára ògiri pẹ̀lú ọ̀dà, kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́.

Lísìtì àwọn 200 level tuntun dé sínú email mi láàárọ̀ yìí, màtíríìkì nọ́ńbà mẹ́rìnlélógóje. Mo ṣí i. Lọ́tẹ̀ yìí slash inú ẹ̀ ti di mẹ́ta.